Bàbá Ògbufọ̀ àti Ìbéèrè Onígíláàsì

Láti ìgbà tí a ti sin Bàbá, bí ọkọ̀ kan bá dẹ eré lẹ́nu ọ̀nà wa, ṣe ni mo máa ń kúrò nídìí fèrèsé. Mi ò ní fi bò. Ojo ni mí, láti kékeré ni mo sì ti ya ojo. Bàbá mọ̀ bẹ́ẹ̀, wọn ò sì fi bú mi rí. Ohun tí wọ́n máa ń ṣe ni pé wọ́n á ní kí n sọ ohun tó ń bà mí lẹ́rù, kí n sì sọ ọ́ ṣókí. Bí mo bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í fà á gùn, wọ́n á gbé ọwọ́ sókè: "Fúnmi, ìbéèrè ni mo bi ọ́. Mi ò ní kí o pìtàn fún mi."

Bàbá mi àgbà ni mò ń sọ, tí gbogbo àdúgbò wa ní Ṣakí mọ̀ sí Bàbá Ògbufọ̀. Iṣẹ́ ògbufọ̀ ní kóòtù ni wọ́n ṣe títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì. Bí adájọ́ àti àwọn lọ́yà bá ń sọ Gẹ̀ẹ́sì, tí àgbẹ̀ tó wá jẹ́rìí kò sì gbọ́ ju Yorùbá lọ, àárín wọn ni Bàbá máa ń dúró sí. Wọ́n á ká ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn, wọ́n á gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ẹnì kan, wọ́n á gbé e fún ẹnì kejì. Ìtàn ìgbésí ayé wọn kọ́ ni mo fẹ́ kọ. Akọ̀wé ìjọ ti ka ìyẹn níbi ìsìnkú, ó sì ṣi ọdún tí wọ́n ṣègbéyàwó kà, tí Màmá fi ń mi orí lórí ìjókòó. Bí Bàbá ṣe máa ń wo tẹlifíṣọ̀n ni mo fẹ́ kọ, torí ibẹ̀ ni ọ̀ràn tèmi àti tiwọn ti bẹ̀rẹ̀.

Bọ́ọ̀lù kò kàn wọ́n. Fíìmù, wọ́n ní irọ́ tí a ra aṣọ tuntun fún ni. Ìgbìmọ̀ ìwádìí ni tiwọn, àwọn ìjókòó tí tẹlifíṣọ̀n máa ń gbé sáfẹ́fẹ́ bó ṣe ń lọ lọ́wọ́, tí àwọn lọ́yà á máa da ìbéèrè bo àwọn olóṣèlú àti àwọn ẹlẹ́rìí. Lọ́jọ́ tí irú rẹ̀ bá wà, Bàbá á wẹ̀ ní kùtùkùtù, wọ́n á wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun, wọ́n á so táì, wọ́n á sún àga onígi wọn mọ́ tẹlifíṣọ̀n bí ẹni pé adájọ́ ń bọ̀ nínú pálọ̀. Bí iná bá lọ, bátìrì sólà kékeré kan wà tí bàbá mi rà ránṣẹ́ láti Ìbàdàn. Ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ fi bátìrì náà ṣáàjì fóònù. Màmá mi àgbà bẹ̀bẹ̀ nígbà kan pé kí òun fi gbọ́ ìwàásù lórí rédíò. Èsì tí Màmá gbà nìyí: "Ìyá Délé, ìwàásù á tún wà lọ́jọ́ Ìsinmi. Ẹlẹ́rìí yìí ò ní padà wá."

Ta ló jẹ̀bi, ta ló jàre, ìyẹn kì í fi bẹ́ẹ̀ kan Bàbá. Lọ́yà ni wọ́n ń dá lẹ́jọ́. Èyí tó bá ki ìbéèrè méjì bọ inú ẹyọ kan, wọ́n á pòṣé: "Èwo ni kí ọkùnrin yẹn dáhùn níbẹ̀?" Èyí tó bá ń pariwo, wọ́n ní kò rí nǹkan kan dì mú ni. Èyí tó bá bi ẹlẹ́rìí apá kejì pé "kí ló dé," Bàbá á fọwọ́ bojú, torí lọ́yà náà ti ṣílẹ̀kùn fún ẹni tó yẹ kó tì mọ́lé. Èyí tó burú jù lójú wọn ni lọ́yà tó ti gba ohun tó ń wá, tó tún wá dúró síbẹ̀ tó ń béèrè lọ. Wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í kígbe mọ́ tẹlifíṣọ̀n: "Jókòó. Jókòó, ọmọ yìí." Pásítọ̀ wa wọlé bá wọn lẹ́nu rẹ̀ lọ́jọ́ kan. Wọ́n rò pé àwọn ni Bàbá ń sọ fún, wọ́n jókòó, wọ́n sì dúpẹ́. Ó tó wákàtí kan kí Bàbá tó yíjú rí wọn. Wọ́n kí Pásítọ̀ dáadáa, wọ́n wá fi kún un pé, "Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà, Pásítọ̀, ẹ máa ń pẹ́ kí ẹ tó jókòó."

Ìjà kan ṣoṣo tí mo mọ̀ pé Bàbá bá ọ̀rẹ́ wọn jà, orí ọ̀rọ̀ yìí náà ni. Bàbá Tíṣà, tí ilé wọn kọjú sí tiwa, ti ṣe ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ rí, lọ́yà tó bá ń lu tábìlì ni wọ́n sì fẹ́ràn. Lọ́sàn-án kan, obìnrin lọ́yà kan rọra bi olóṣèlú kan ní ìbéèrè mẹ́rin, ó jókòó. Bàbá ní ó ti parí ọkùnrin náà. Bàbá Tíṣà ní ọ̀rọ̀ ò rí bẹ́ẹ̀, ṣebí ọkùnrin náà ṣì ń rẹ́rìn-ín. Báyìí ni àwọn àgbàlagbà méjì ṣe gbé ohùn sókè, tí wọ́n yà, tí wọn ò bá ara wọn sọ̀rọ̀ fún bí ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Mo wà níbẹ̀, mo sì rántí ohun tí Bàbá sọ kí Bàbá Tíṣà tó bínú jáde. Wọ́n nawọ́ sí ìsàlẹ̀ tẹlifíṣọ̀n, lábẹ́ tábìlì ẹlẹ́rìí: "Ẹnu rẹ̀ ló ń rẹ́rìn-ín. Ẹ wo ẹsẹ̀ rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ń lọ sílé."

Nínú ilé, a ò bọ́ lọ́wọ́ wọn. Nígbà tí mo wà ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, mo jí ṣúgà onígun inú agolo wọn jẹ. Bàbá pè mí, wọn ò bínú, wọn ò bi mí bóyá èmi ni. Wọ́n kàn ní, "Fúnmi, ṣé èèrà ò tíì wọ inú ṣúgà yẹn?" Mo ní, "Kò tíì wọ̀ ọ́, sà." Mo dá ara mi lẹ́bi kí n tó pa ẹnu dé. Bàbá ò nà mí o. Ṣe ni wọ́n lọ bá Màmá lẹ́yìnkùlé, inú wọn ń dùn: "Ìbéèrè kan péré ni." Láti ìgbà náà ni mo ti mọ̀ pé mi ò lè fi nǹkan pamọ́ fún ọkùnrin yìí, mo sì tún padà gbìyànjú rẹ̀ nígbà tí mo dàgbà.

Lọ́dún tó kọjá, ìgbìmọ̀ kan jókòó lórí ìbọn tó dún níbi ìpolongo ìbò kan ní agbègbè wa. Mi ò ní dárúkọ ìlú náà, mi ò sì ní dárúkọ olóṣèlú tó pe ìpolongo. Àwọn tirẹ̀ ní ìbọn kankan ò dún, pé àwọn ọ̀kadà ló forí sọ ara wọn nígbà tí èrò ń tì síwá sẹ́yìn. Lọ́yà rẹ̀ ni Bàbá sọ ní Onígíláàsì. Ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni, ohùn rẹ̀ kì í lọ sókè. Bó bá fẹ́ béèrè ohun tó ṣe kókó, á kọ́kọ́ bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀, á fi ẹ̀wù nù ún, á ṣe bí ẹni pé ọ̀rọ̀ náà kò jẹ́ nǹkan kan. Bàbá fẹ́ràn rẹ̀ bí ọmọ tí wọ́n bí.

Ẹlẹ́rìí kan wà, bàbá àgbẹ̀ kan láti ìhà Àgọ́-Àrẹ, tó búra pé òun rí ẹni tó yìnbọn. Onígíláàsì dìde.

"Bàbá, nígbà tí ẹ gbọ́ ìró yẹn, ṣé ẹ dọ̀bálẹ̀?"

"Gbogbo wa la dọ̀bálẹ̀."

"Ojú yín kọ ilẹ̀?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ẹ ṣeun, bàbá."

Ó jókòó. Bàbá àgbẹ̀ ṣì la ẹnu sílẹ̀. Ẹni tó bá lójú á mọ̀ pé kó tó dọ̀bálẹ̀ ló ti rí ohun tó rí, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó bi í. Nínú pálọ̀ wa, Bàbá gbá itan wọn. "Ọmọ yìí mọṣẹ́," ni wọ́n wí. "Ẹni tó bá dé iwájú rẹ̀ tó fi nǹkan pamọ́, Ọlọ́run ló máa yọ ọ́."

Lórí ẹní lẹ́yìn wọn ni mo jókòó sí nígbà tí wọ́n sọ ọ́. Èmi ni nọ́ọ̀sì tó tọ́jú àwọn tí ìbọn bà lọ́jọ́ yẹn, mo sì fi nǹkan pamọ́.

Ilé ìwòsàn kékeré kan ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Lọ́sàn-án ọjọ́ ìpolongo, èrò gbé ọkùnrin mẹ́ta wá bá mi. Ọ̀kan nínú wọn, ọlọ́kadà kan tó ń jẹ́ Ràṣídì, ihò wà ní ìhà rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ sì ti rin ṣòkòtò rẹ̀. Èmi nìkan ni nọ́ọ̀sì tó wà lẹ́nu iṣẹ́. Òfin ní kí a tọ́jú ẹni tí ìbọn bá bà láìdúró de ìwé ọlọ́pàá, gbogbo nọ́ọ̀sì ló mọ̀ bẹ́ẹ̀. Gbogbo wa la tún mọ ohun tí ojú nọ́ọ̀sì máa ń rí bí ọlọ́pàá bá dé tí kò bá ìwé. Nítorí náà, àṣà kan wà lọ́wọ́ wa tí ẹnikẹ́ni ò kọ́ wa ní ilé ẹ̀kọ́. A ó kọ "ìjàǹbá ọ̀kadà" sínú rẹ́jísítà, a ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ohun tí mo kọ nìyẹn sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Àánú ni mo fi kọ ọ́. Ràṣídì kú nínú ọkọ̀ tó ń gbé e bọ̀ ní Ṣakí.

Nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ ìgbìmọ̀ wá gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu mi, mo sọ fún wọn pé ọgbẹ́ ìbọn ni mo rí. Òótọ́ ni. Mi ò sọ ohun tí mo kọ, wọn ò sì bi mí. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e, mo ṣí dúrọ́ọ̀ kí n lè wo ojú ìwé yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i. Rẹ́jísítà ti lọ. Ẹnì kan ti wọlé gbé e, mi ò sì mọ ẹni náà. Láti ọjọ́ yẹn, bí ẹnu ọ̀nà bá dún, àyà mi á já. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni nílé. Mo kàn ń jókòó sẹ́yìn Bàbá, mò ń wo Onígíláàsì bó ṣe ń mú àwọn ẹlẹ́rìí lọ́kọ̀ọ̀kan, mo sì ń ka iye ẹni tó kù.

Bàbá ló gba ìwé ìpè mi lọ́wọ́ ẹni tó mú un wá. Wọ́n kà á lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n ká a, wọ́n sì wo ẹsẹ̀ mi.

Bàbá mi, Délé, tó jẹ́ àkọ́bí wọn, pè láti Ìbàdàn nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn. "Fúnmi, sọ fún wọn pé ara rẹ ò yá. Àwọn èèyàn yìí ò dára. Kó ẹrù rẹ, kí o máa bọ̀ lọ́dọ̀ mi." Kí n má purọ́, mo ti ń ro àpò tí màá kó ẹrù sí. Bàbá nawọ́, wọ́n gba fóònù lọ́wọ́ mi.

"Délé, ọmọ náà rí ọgbẹ́ ìbọn àbí kò rí i?"

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, kì í ṣe ọ̀rọ̀..."

"Ó rí i àbí kò rí i?"

Bàbá mi ní, "Ó rí i, sà."

"Ó dáa," ni Bàbá wí, wọ́n sì dá fóònù padà fún mi.

Lọ́jọ́ kejì, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, Bàbá gbé àga sí àárín pálọ̀, wọ́n ní kí n jókòó. Màmá ń ṣa ẹ̀wà nínú atẹ lẹ́bàá ìlẹ̀kùn. Bàbá dúró níwájú mi, ọwọ́ wọn méjèèjì lẹ́yìn.

"Nọ́ọ̀sì, ẹ kú ọ̀sán."

Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi, Bàbá ò pè mí ní "ẹ" rí. Mo wo Màmá. Ọwọ́ Màmá ti dúró nínú ẹ̀wà.

"Ẹ kú ọ̀sán, sà."

"Ẹ mọ ọgbẹ́ ìbọn yàtọ̀ sí ti ọ̀kadà?"

"Mo mọ̀ ọ́n, sà."

"Ọgbẹ́ ìbọn lẹ rí lára Ràṣídì?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ohun tí nọ́ọ̀sì bá rí, ṣé ó máa ń kọ ọ́ sílẹ̀?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Lọ́jọ́ yẹn ńkọ́?"

Mo dákẹ́. Bàbá ò tún un bi. Wọ́n dúró. Mo ti rí i lórí tẹlifíṣọ̀n bí ìdákẹ́jẹ́ ṣe ń gùn fún ẹlẹ́rìí, mi ò mọ̀ pé ó máa ń dà bí ìgbà tí omi ń kún bọ̀ lọ́rùn èèyàn. Mo bú sẹ́kún. Mo sọ gbogbo rẹ̀, ìjàǹbá ọ̀kadà lẹ́ẹ̀mẹta, dúrọ́ọ̀ tó ṣófo, gbogbo rẹ̀.

Bàbá rọra jókòó. Wọ́n bi mí bóyá mo mọ ẹni tó gbé rẹ́jísítà náà. Mo ní mi ò mọ̀ ọ́n. "Ọwọ́ Onígíláàsì ló wà," ni wọ́n wí. Mo wo ojú wọn nígbà náà, mo sì rí i pé ẹ̀rù ń bà wọ́n. Ìyẹn gan-an ló jẹ́ kí tèmi le sí i.

Màmá ló pè mí sí ìdí ààrò nírọ̀lẹ́. Ẹnu Bàbá kì í ròyìn ara wọn, ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, ẹnu Màmá ni mo ti gbọ́ ọ. Opó kan ń bá baálẹ̀ kan ṣẹjọ́ ilẹ̀ oko nígbà tí Bàbá ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́. Baálẹ̀ náà jókòó síwájú ní kóòtù, ó tẹjú mọ́ Bàbá bí wọ́n ṣe ń túmọ̀. Opó náà ní, "Baálẹ̀ fúnra rẹ̀ ló fọwọ́ ara rẹ̀ wú iṣu mi." Bàbá yíjú sí adájọ́, wọ́n ní obìnrin náà sọ pé àwọn kan wú iṣu òun.

"Ẹ̀rù bà á," ni Màmá wí. "Ọmọ kékeré mẹ́ta ló wà nílẹ̀, Délé bàbá ẹ ló dàgbà jù. Ó délé, kò jẹun. Nígbà tí kóòtù tún jókòó, wọn ò tíì pe ẹnikẹ́ni tí Bàbá Délé fi nawọ́. Ó ní, 'Olúwa mi, mi ò sọ ọ̀rọ̀ obìnrin yìí bó ṣe sọ ọ́, mo sì fẹ́ tún un sọ.' Wọ́n gbé e kúrò ní Ṣakí lọ sí Ìsẹ́yìn láàárín oṣù yẹn. Ilẹ̀ obìnrin yẹn padà sọ́wọ́ ẹ̀. Ìgbéga tiẹ̀ ò dé títí ó fi fẹ̀yìn tì." Màmá ṣí ìkòkò, wọ́n wo inú rẹ̀, wọ́n dé e padà. "Ìgbà tó o bá rí i tó ń pariwo mọ́ tẹlifíṣọ̀n, má rò pé àwọn lọ́yà yẹn nìkan ló ń bá wí."

Ohun méjì ni Bàbá kọ́ mi kí n tó lọ. Èkíní ni pé kí n béèrè fún ògbufọ̀.

"Bàbá, mo gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì."

"Mo mọ̀ pé o gbọ́. Bí ògbufọ̀ bá wà, ẹ̀ẹ̀mejì ni wàá gbọ́ ìbéèrè kan. Tí lọ́yà bá bi ọ́ tán, má wá èsì. Mí. Ìgbà tí ògbufọ̀ bá ń sọ ọ́ ni kí o wá èsì."

Èkejì ni pé kí n la ẹnu sọ ohun tí mo kọ sínú rẹ́jísítà kí ẹnikẹ́ni tó bi mí. Wọ́n ní bí ó bá ti ẹnu mi jáde, kò sí ohun tí Onígíláàsì tún fẹ́ fi rẹ́jísítà náà ṣe, torí bó bá fà á yọ, àwọn ìgbìmọ̀ á bi òun náà níbi tó ti rí i.

Mo ní, "Bàbá, iṣẹ́ lè bọ́ lọ́wọ́ mi."

"Ó lè bọ́."

Mo dúró kí wọ́n sọ pé Ọlọ́run ò ní jẹ́ kó bọ́. Wọn ò sọ ọ́.

Ìbàdàn ni ìgbìmọ̀ ti jókòó. Mo fi bàtà kan tẹ èkejì mọ́lẹ̀ lábẹ́ tábìlì, torí mo mọ ẹni tó ń wo ẹsẹ̀ mi nílé. Nígbà tí mo búra tán, mo ní mo fẹ́ tún ọ̀rọ̀ mi sọ. Mo ní mo kọ ìjàǹbá ọ̀kadà sínú rẹ́jísítà lẹ́ẹ̀mẹta, pé kì í ṣe òótọ́, pé mi ò sọ bẹ́ẹ̀ fún àwọn òṣìṣẹ́ wọn, pé mo kọ ọ́ kí n lè tètè tọ́jú àwọn tó ń kú lọ níwájú mi, àti pé ọgbẹ́ ìbọn ni. Kùn-ùn dún nínú gbọ̀ngàn. Nǹkan kan wà níwájú Onígíláàsì tí wọ́n fi ọ̀rá dúdú wé, mo sì mọ bí rẹ́jísítà wa ṣe gùn tó. Ó rọra tì í sábẹ́ àwọn ìwé rẹ̀, ó dìde.

"Nọ́ọ̀sì, ṣé Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ yín níṣẹ́?"

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Ògbufọ̀ tú u fún mi, òun náà ń rẹ́rìn-ín. "Rárá, sà. Gẹ̀ẹ́sì ni."

"Ẹ kọ irọ́ sínú ìwé ìjọba?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Lẹ́ẹ̀mẹta?"

"Lẹ́ẹ̀mẹta, sà."

"Nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ ìgbìmọ̀ wá bá yín, ẹ ò sọ ọ́ fún wọn?"

"Mi ò sọ ọ́."

Ó bọ́ gíláàsì rẹ̀. Ó ń fi ẹ̀wù nù ún, kò tilẹ̀ wò mí.

"Ta ló ní kí ẹ wá sọ ọ́ lónìí?"

Lọ́sẹ̀ yẹn kan náà, àwọn ọkùnrin méjì lórí ọ̀kadà ti béèrè ilé nọ́ọ̀sì lọ́wọ́ Bàbá Tíṣà, Bàbá Tíṣà sì ní àwọn ò mọ nọ́ọ̀sì kankan. Bí mo bá dárúkọ Bàbá, gbogbo ìpínlẹ̀ ló máa gbọ́, torí ògbufọ̀ àtijọ́ tí gbogbo Ṣakí mọ̀ kò ju ẹyọ kan lọ. Bí mo bá ní kò sí ẹnì kankan, irọ́ ni, ọkùnrin yìí á sì gbóòórùn rẹ̀, á béèrè ìbéèrè kan sí i, gbogbo ohun tí mo ti sọ nípa Ràṣídì á wó pẹ̀lú rẹ̀. Ògbufọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í tú u. Mo mí bí Bàbá ṣe ní kí n mí. Mímí náà kò ràn mí lọ́wọ́.

"Bàbá mi àgbà ni," ni mo wí. "Wọ́n ṣe ògbufọ̀ kóòtù ní Ṣakí."

Onígíláàsì fi gíláàsì rẹ̀ sójú. "Ẹ ṣeun, Nọ́ọ̀sì." Ó jókòó.

Ọjọ́ kẹrin lẹ́yìn tí mo délé, ọkọ̀ dúdú kan tí kò ní nọ́ńbà dúró níwájú ilé wa lọ́sàn-án gangan. Àwọn ọkùnrin méjì sọ̀ kalẹ̀. Ìta ni Bàbá jókòó sí. Èmi wà lẹ́yìn ìlẹ̀kùn, mo di ọwọ́ ìlẹ̀kùn mú, ìka mi ò sì fẹ́ ṣí.

"A wá kí Bàbá Ògbufọ̀ ni."

"Ẹ kú ìrìn. Kí lorúkọ yín?"

Wọn ò dáhùn.

"Ta ló rán yín?"

"Bàbá, a kàn wá kí yín ni."

"Ẹ ti kí mi?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Ó tó."

Àwọn méjèèjì wo ara wọn, wọ́n padà sínú ọkọ̀. Bàbá wọlé, wọ́n bá mi lẹ́yìn ìlẹ̀kùn. Wọ́n ní, "Wọn ò múra ìdáhùn kankan wá." Mo gbìyànjú láti rẹ́rìn-ín, kò wá. Ọkọ̀ náà tún kọjá lọ́jọ́ kejì, àti lọ́jọ́ tó tẹ̀lé e, ó dẹ eré, kò dúró.

Láàárọ̀ kọ̀ọ̀kan ni mò ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru Bàbá, láti ọjọ́ ọkọ̀ yẹn ló sì ti ń gòkè. Kò tó oṣù kan lẹ́yìn náà tí wọ́n sùn lórí àga wọn lọ́sàn-án, tí wọn ò jí mọ́. Dókítà ní ọkàn ló dáṣẹ́ sílẹ̀, pé ọjọ́ orí ni. Nọ́ọ̀sì ni mí, mo mọ̀ pé ó lè jẹ́ ọjọ́ orí. Mo tún mọ̀ pé ẹnu mi ló júwe ilé wa.

Wọ́n ti dá mi dúró lẹ́nu iṣẹ́ nítorí rẹ́jísítà. Ìgbìmọ̀ kọ ọ́ sínú àbájáde rẹ̀ pé ìbọn ló pa Ràṣídì, ọ̀rọ̀ náà sì ti di ti kóòtù báyìí. Ìwé ìpè mìíràn ti dé. Oṣù tó ń bọ̀ ni, Onígíláàsì náà ló máa bi mí, kò sì sí ẹni tó máa gbé àga sí àárín pálọ̀ fún mi. Bàbá mi tún ti pè láti Ìbàdàn pé kí n sá. Mo máa lọ jẹ́rìí. Mò ń sọ ọ́ níbí kí n má baà yí i padà.

Ó ku ohun kan tí mi ò tíì sọ, ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí mo ti ọ̀dọ̀ ìgbìmọ̀ dé. Mo bá Bàbá lórí àga wọn, táì ṣì wà lọ́rùn wọn. Mo kúnlẹ̀, mo ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Mo dárúkọ yín."

Wọ́n kọ́kọ́ dá lọ́yà lẹ́jọ́ ná. "Ìbéèrè márùn-ún ló bi ọ́. Àkọ́kọ́, àwàdà ni. Mẹ́ta tó tẹ̀lé e, o ti dáhùn wọn kó tó dìde. Ìkarùn-ún yẹn..." Wọ́n ṣí fìlà lórí. "Gbogbo ọjọ́ tí mo fi dúró ní kóòtù, mi ò gbọ́ irú ẹ̀ rí. Kò síbi téèyàn lè yà sí fún un."

"Bàbá, ṣé ẹ̀rù ò bà yín?"

"Ó bà mí. Bi Màmá rẹ."

"Torí àwọn èèyàn yẹn ni? Torí pé wọ́n á mọ ilé wa?"

Wọ́n mi orí pé rárá.

"Mo rò pé torí tèmi, wàá purọ́, wàá ní kò sí ẹnì kankan."